Aṣọ, Ìmọ́lẹ̀ àti Òkùnkùn: Ìmọ̀ràn fún Onílé tí Ń Fẹ́ Ra Ẹ̀rọ Sinimá Olówó Kékeré sí Pálọ̀ Rẹ̀



Bí ẹ bá bi àwọn àgbàlagbà tí ó wà láyé nígbà tí ọkọ̀ sinimá ìjọba ń rìn ká ìlú àti ìletò, wọn yóò sọ fún yín bí a ti máa ń so aṣọ funfun kan mọ́ òpó méjì ní gbangba ọjà, tí tọmọdé tàgbà yóò jókòó sílẹ̀, tí wọn yóò sì máa retí kí ilẹ̀ ṣú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí lára aṣọ náà. Àwọn ọmọ tí kò rí àyè níwájú a lọ jókòó sí ẹ̀yìn aṣọ, wọn a sì máa wo àwòrán náà láti òdìkejì, níbi tí ọ̀tún ti di òsì, tí òsì sì di ọ̀tún.

Láti nǹkan bí ọdún 1659 tí Christiaan Huygens, ará Hóláǹdì, ti ṣe àtùpà tí ń ju àwòrán sára ògiri, títí di oṣù kẹjọ ọdún 1903 nígbà tí a fi sinimá han àwọn ará Èkó nínú Gbọ̀ngàn Glover, àti títí di òní olónìí, ohun mẹ́ta náà ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́: ìmọ́lẹ̀, aṣọ, àti òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ àti aṣọ ni a lè rà lọ́jà. Òkùnkùn ni onílé gbọ́dọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, ọlọ́jà kì í sì í rán ni létí rẹ̀, nítorí kò sí èrè fún un níbẹ̀.

A ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ẹ̀rọ tí ń ju àwòrán sára ògiri, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní pùrójẹ́tọ̀, ti wá di ohun tí onílé tí kò lówó púpọ̀ lè rà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sì ń rà á tí wọ́n ń kábàámọ̀. Èmi tí ń kọ ìwé yìí wà nínú wọn. Owó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà; mo fẹ́ kí ẹ̀yin gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò lè rin ìrìn àjò tí ó jìnnà mọ́, ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì. Nígbà tí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìgbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ṣeé ṣe láti gbé Bàbá lọ. Wọ́n fi àwòrán ìgbéyàwó náà ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, ṣùgbọ́n kí ni ojú arúgbó lè rí lára ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ? Mo wí nínú ara mi pé èmi yóò mú kí ojú ọmọ náà tóbi lára ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá rẹ̀ àgbà yóò fi dá a mọ̀. Mo gba owó àjọ mi, mo lọ sí ọjà, mo sì ra pùrójẹ́tọ̀ kékeré kan tí a kọ 9,000 lumen sára páálí rẹ̀. Lumen ni orúkọ òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Owó ẹ̀rọ náà kéré, iye tí a kọ sí i lára sì pọ̀. Mo rò pé mo jèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tí a pe ẹbí jọ, mo gbé e sórí tábìlì ní ìpẹ̀kun pálọ̀, mo sì jẹ́ kí àwòrán náà kún ògiri. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé méjèèjì. Ohun tí a rí dà bí èéfín. A ń gbọ́ orin, a ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn àlejò, ṣùgbọ́n a kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ ìyàwó. Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá tẹjú mọ́ ògiri fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Mo rí wọn.” Mo mọ̀ pé kò rí wọn. Ọ̀rọ̀ rere náà dùn mí ju bí ẹni pé ó bá mi wí lọ.

Wọ́n gbé Bàbá padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ dá ẹ̀rọ náà padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tà á fún mi kò gbà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyá àwọn ọmọ mi wí pé, “Bàbá wọn, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ jẹ́ kí a sún un mọ́ ògiri kí àwòrán náà kéré, kí a sì pa gbogbo iná.” A ṣe bẹ́ẹ̀. A mú àwòrán náà wá sí 60 íǹṣì, láti igun òkè kan dé igun ìsàlẹ̀ tí ó kọjú sí i, ojú ìyàwó sì yọ kedere. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

NÍTI ÌMỌ́LẸ̀

Kí ni ó fà á tí ẹ̀rọ kan náà fi kùnà lọ́sàn-án tí ó sì ṣe dáadáa lóru? Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní físíìsì mú ẹ̀rọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ wá. Ó wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sára ògiri ní ibi mẹ́sàn-án, ó wá ìdọ́gba wọn, ó sì fi ìwọ̀n ojú àwòrán náà sọ ọ́ di púpọ̀. Báyìí ni a ṣe ń mọ iye tí a ń pè ní ANSI lumen. Iye tí ó rí jẹ́ nǹkan bí 180. Èyí tí a kọ sára páálí jẹ́ 9,000. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ dà bí ọ̀dà inú agolo kan: bí ògiri tí a fi kùn bá ti ń fẹ̀ sí i ni yóò máa fẹ́lẹ́ sí i. Bí a bá wọn gígùn àti ìbú àwòrán ní ẹsẹ̀ bàtà, tí a sì sọ wọ́n di púpọ̀, àwòrán 60 íǹṣì jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 11. Ti 80 íǹṣì jẹ́ 19. Ti 100 íǹṣì jẹ́ 30. Ti 120 íǹṣì sì jẹ́ 43. Ẹ kíyèsí i pé láti 60 dé 120, a kàn sọ ìwọ̀n igun dé igun di ìlọ́po méjì ni, ṣùgbọ́n ojú tí ìmọ́lẹ̀ yóò bò di ìlọ́po mẹ́rin.

Nínú ilé sinimá gidi, níbi tí òkùnkùn ti ṣú bolẹ̀, nǹkan bí lumen 14 ni a ń wá fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá pín 180 mi sí 30: ó ku 6 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in sí 11: ó lé ní 16. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn ìyàwó mi fi ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe ìṣirò kankan.

Láti inú ìṣirò kan náà ni a ti mọ̀ pé nínú pálọ̀ tí ó ṣókùnkùn, àwòrán 80 íǹṣì ń fẹ́ nǹkan bí ANSI lumen 270, ti 100 ń fẹ́ 420, ti 120 sì ń fẹ́ 600. Bí ẹ bá fẹ́ kí iná kan máa jó nínú pálọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wò ó, ẹ sọ iye náà di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní ti ọ̀sán gangan tí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kò sí ẹ̀rọ olówó kékeré tí ó lè bá oòrùn jà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ẹ béèrè iye ANSI lumen tàbí ISO lumen. Bí páálí bá kọ lumen lásán tí kò sì fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sí i, ẹ kà á sí pé kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ sì jẹ́ kí a tan ẹ̀rọ náà fún yín nínú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ní ìwọ̀n tí ẹ óo lò nílé, kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

NÍTI ÀWỌN ÀMÌ WẸ́WẸ́

Àwòrán tí ẹ̀rọ wọ̀nyí ń jù jẹ́ àkójọpọ̀ àmì wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tó ni àwòrán yóò ti mọ́lẹ̀ gédégédé tó, tí ojú yóò sì lè ka ọ̀rọ̀ tí a kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá jẹ́ 854 × 480 ní nǹkan bí 410,000. Èyí tí ó jẹ́ 1280 × 720 ní 921,600. Èyí tí ó jẹ́ 1920 × 1080 sì ní ju 2,000,000 lọ.

Níhìn-ín pẹ̀lú, ẹ ṣọ́ra. Ọlọ́jà yóò sọ pé ẹ̀rọ òun “ń gba” 1080. Òótọ́ lè wà nínú rẹ̀: ó lè gba fíìmù tí ó ní 1080 wọlé, kí ó sì fún un mọ́ inú 480 tí òun fúnra rẹ̀ ní. Agbè kékeré lè wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi ńlá, síbẹ̀ ohun tí ó lè gbà ni yóò gbà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ óo wá nínú ìwé ẹ̀rọ náà ni “native”, èyí tí ó túmọ̀ sí iye tí ẹ̀rọ náà ní fúnra rẹ̀. Fún àwòrán 80 sí 100 íǹṣì, 1280 × 720 tó fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀; 1920 × 1080 sàn jù bí apá bá ká a.

NÍTI ÌWỌ̀N PÁLỌ̀

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ mú téèpù, kí ẹ sì wọn pálọ̀ yín. Nínú ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá, a máa ń rí iye kan bí 1.2 tàbí 1.5. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fi iye náà sọ ìbú àwòrán di púpọ̀, ẹ óo mọ bí ẹ̀rọ náà yóò ti jìnnà sí ògiri tó. Ìbú àwòrán 100 íǹṣì jẹ́ íǹṣì 87. Ẹ̀rọ oní-1.2 yóò dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 8 sí ògiri, oní-1.5 yóò fẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 àti íǹṣì 10. Bí pálọ̀ yín bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ẹ bá yọ àyè tí ara ẹ̀rọ náà àti wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gbà, ẹ óo rí i pé ìkejì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ra ẹ̀rọ tí ó dára tí wọ́n sì ní láti gbé e sí ẹnu ọ̀nà.

Bákan náà, ẹ gbé ẹ̀rọ náà kọjú sí ògiri gan-an. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí a gbé imú rẹ̀ sókè, àwòrán yóò fẹ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ẹ̀rọ náà lè tún un ṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àmì wẹ́wẹ́ tí ẹ sanwó fún ni yóò ti máa gé sọnù. Pákó kékeré kan tí gbẹ́nàgbẹ́nà kàn mọ́ ibi tí ó yẹ sàn ju àtúnṣe yìí lọ.

NÍTI INÁ MÀNÀMÁNÁ, ERUKU ÀTI TÒKUNBỌ̀

Oríṣi méjì ni ẹ óo bá pàdé jù lọ ní ọjà olówó kékeré. Ti àkọ́kọ́ ní gílóòbù ńlá tí ó ní mẹ́kúrì nínú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbóná gidigidi, ó sì ń jẹ nǹkan bí 200 sí 300 wáàtì. Lẹ́yìn tí a bá pa á, fáànù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i kí gílóòbù tó tutù. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ti ń lọ lójijì ní ìlú wa: fáànù yóò dúró nígbà tí gílóòbù ṣì ń gbóná, ọjọ́ ayé gílóòbù yóò sì máa dínkù. Bí a bá sọ pé gílóòbù yóò lo wákàtí 4,000, bí ẹ bá ń lò ó ní wákàtí 3 lójúmọ́, ó tó ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n wákàtí tí a kọ yìí ni ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ti dínkù sí ìdajì. Ẹni tí yóò lò ó níbi tí iná kò dúró gbọ́dọ̀ ní inverter tí apá rẹ̀ ká a. Bí irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ bá fọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

Ti èkejì ń lo iná LED. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn kékeré inú wọn kì í sábà jẹ ju 50 sí 100 wáàtì lọ, iná lè lọ lójijì láìpa gílóòbù wọn lára, a sì máa ń ka ọjọ́ ayé iná wọn sí wákàtí 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fáànù tàbí eruku lè kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà. Fún ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, èyí ni èmi yóò yàn.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Àwọn pùrójẹ́tọ̀ tí a ti lò ní ọ́fíìsì àti ilé-ìwé lókè òkun máa ń ní lumen tòótọ́ tí ó pọ̀, ọ̀wọ́n wọn kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí a fi iye wákàtí gílóòbù hàn yín láti inú ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì rántí pé ẹni tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀ lè dá iye náà padà sí òdo. Ẹ wádìí bóyá gílóòbù tuntun rẹ̀ wà lọ́jà àti iye owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ju àwòrán dúdú sára ògiri: bí ẹ bá rí àmì funfun káàkiri bí ìràwọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí àrùn náà yóò máa pọ̀ sí i ni.

Ní àkókò ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà nígbà tí ó bá ti tutù, nítorí eruku tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò di àbàwọ́n lára àwòrán. Kí ẹ má sì ṣe gba ọmọdé láyè láti wo inú dígí rẹ̀ nígbà tí ó bá ń tàn.

NÍTI AṢỌ

Kí ẹ má ṣe ná gbogbo owó yín sórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ má sì ṣe yára ra aṣọ olówó ńlá. Ògiri tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a kùn ní ọ̀dà funfun tí kì í dán, jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó dára. Ọ̀dà tí ń dán yóò máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú ẹni kan ṣoṣo. Aṣọ ìbùsùn kò dára, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí náà ni àwọn ọmọ fi lè jókòó lẹ́yìn aṣọ sinimá láyé àtijọ́ kí wọ́n sì rí àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá lọ sẹ́yìn ti sọnù fún ẹni tí ó wà níwájú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, kí ó ra aṣọ funfun nípọn, irú èyí tí a fi ń bo ẹ̀yìn kọ́tìnnì kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé. Fún àwòrán 100 íǹṣì, kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan férémù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 3, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 1. Kí aṣọ náà fẹ̀ tó 54 íǹṣì, kí ó lè ká mọ́ ẹ̀yìn igi láìsí ojú rírán láàárín. Ẹ nà án kí ó le bí awọ ìlù, kí ẹ sì fi ọ̀já dúdú yí etí rẹ̀ ká. Ọ̀já dúdú yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó ń mú kí ojú rí àwòrán bí ẹni pé ó tàn jù.

NÍTI ÒKÙNKÙN

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ju dúdú sára ògiri. Ibi tí ẹ bá ti rí dúdú nínú àwòrán, ibi tí ẹ̀rọ náà kò tan ìmọ́lẹ̀ sí ni. Nítorí náà, dúdú inú àwòrán yín kò lè dúdú ju ògiri yín lọ nígbà tí iná ilé bá wà ní títàn. Kọ́tìnnì nípọn méjì lójú fèrèsé lè ṣe fún àwòrán yín ohun tí ẹ̀rọ olówó ńlá kò lè ṣe.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sán ni ẹbí yín ń wo ìròyìn àti bọ́ọ̀lù, tí fèrèsé pálọ̀ yín sì pọ̀, ẹ gbọ́ mi: ẹ ra tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì fi pùrójẹ́tọ̀ sílẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ní ti ohùn, ẹnu àwọn ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí kì í ròkè. Ẹ fi wáyà so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí ẹ ti ní, nítorí èyí tí kò lo wáyà a máa jẹ́ kí ohùn pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ètè ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Ní tèmi, n kò ra òmíràn. Mo kan férémù kékeré fún àwòrán 60 íǹṣì, ìyàwó mi sì rán kọ́tìnnì tuntun. Nígbà tí Bàbá tún wá kí wa, a dúró kí ilẹ̀ ṣú, bí àwọn ènìyàn ti máa ń dúró ní gbangba ọjà. A sún àga rẹ̀ mọ́ iwájú, a pa iná. Nígbà tí ìyàwó yíjú sí wa tí ó sì rẹ́rìn-ín, Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ dá a dúró.” Ó wò ó títí. Ó wá wí pé, “Ẹ̀rín ìyá mi nìyẹn.”

Kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó rí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wọn pálọ̀ yín, ẹ wá òkùnkùn, kí ẹ tó tú àpò yín.